Bíríkì Kan Tó Ń Làágùn ní Ilé Harwick

Bíríkì yẹn ń làágùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, ẹ má fi mí ṣẹ̀rín. Nínú ògiri tó ní bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta bíríkì, gbogbo wọn funfun, gbogbo wọn gbẹ, ọ̀kan ṣoṣo ló ń làágùn, òógùn ẹ̀ sì pọ́n bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ọlọ́pàá méje ló gba iwájú ẹ̀ kọjá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Ó lè jẹ́ mẹ́ta o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká pè é ní méje. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rí i. Èmi ni mo rí i.

Kò sì ní yà yín lẹ́nu tẹ́ ẹ bá mọ̀ mí. Ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwa mẹ́ta péré la lè wo ògiri kí ògiri jẹ́wọ́. Àwọn méjì yòókù ti kú. Èmi Jabez Tansley ló kù, bíríkìlà, ọmọ ọdún méjìlélógún. Mi ò mọ ìwé. Tẹ́ ẹ bá kọ orúkọ mi síbí, tẹ́ ẹ kọ orúkọ ewúrẹ́ sọ́hùn-ún, kí n tó mọ èyí tó jẹ́ tèmi, ewúrẹ́ á ti jẹ ìwé náà. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi ní bíríkì kan, màá sọ ibi tí wọ́n ti wa amọ̀ ẹ̀, màá sọ iye ọjọ́ tó lò nínú iná, màá sì sọ bóyá ẹni tó mọ ọ́n bá ìyàwó ẹ̀ jà láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Orí òrùlé ilé Harwick ni mo wà lọ́jọ́ yẹn. Mò ń tún etí ògiri òkè ṣe kí wọ́n lè ta àsíá sí i, torí ọdún yẹn ni Ọbabìnrin wa pé ọgọ́ta ọdún lórí oyè, kò sì sí ilé kan ládùúgbò àwọn oníléèsì ní Nottingham tó fẹ́ kí wọ́n bá òun níhòhò. Ilé Harwick ga. Tí ẹyẹlé bá fẹ́ fò dé orí ẹ̀, á gbé oúnjẹ dání. Ojú títì ẹ̀ rẹwà bí ìyàwó: bíríkì pupa tó ń dán, òkúta funfun yí gbogbo fèrèsé ká, orí kìnnìún alámọ̀ mẹ́rìnlá ń la ẹnu sí àwọn oníbàárà. Ẹ wá yí sẹ́yìnkùlé. Bíríkì ibẹ̀ rí wúruwùru, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré. Ó dà bí ọkùnrin tó wọ kóòtù tuntun lọ ṣọ́ọ̀ṣì tí ìdí ṣòkòtò ẹ̀ ti ya.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn Àǹtí Keziah.

Àǹtí Keziah ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Àwọn ló wò mí dàgbà látìgbà tí ìyá mi ti kú. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti ń ṣe aṣọ́lé nílé Harwick, àjà ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ lèmi náà dàgbà sí. Àǹtí mi kì í pariwo. Lọ́jọ́ tí ìkòkò omi gbígbóná dà sí wọn lẹ́sẹ̀, ohun tí wọ́n sọ ò ju "ó mà gbóná o" lọ. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń kígbe pé "Olè? Èmi?", mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta.

Àjà kejì ni mo bá wọn, lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpamọ́. Yàrá yẹn ò ní fèrèsé. Bíríkì ló yí i ká, ilẹ̀kùn ẹ̀ sì jẹ́ irin tí ẹṣin méjì ò lè fà. Inú ẹ̀ ni wọ́n tọ́jú ìborùn léèsì funfun kan sí, èyí tí wọ́n fẹ́ gbé lọ síbi àfihàn ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ kejì. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é. Ó fẹ́lẹ́ débi pé wọ́n lè fà á gba inú òrùka kọjá. Wọ́n ní eṣinṣin kan bà lé e rí, ojú ara ẹ̀ tì í, ó fò lọ.

Àpótí ìborùn náà ti ṣófo.

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà?" Sájẹ́ǹtì Mottram ló ń bèèrè. Irùngbọ̀n ọkùnrin náà bo ẹnu ẹ̀ débi pé ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà kó tó jáde.

"Méjì," Ọ̀gá Harwick tó ni ilé dáhùn. Ojú wọn ti funfun bíi wàrà. "Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi ní Derby láti ọ̀sán Sátidé. Àárọ̀ yìí ni mo dé. Ìkejì…"

"Ìkejì wà ní ìbàdí mi," Àǹtí mi gbà á. "Mò ń bá a sùn, mò ń bá a jí. Ọkọ mi gan-an, kó tó kú, ò sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀."

"Ilẹ̀kùn ò fọ́. Fèrèsé ò sí," Mottram sọ. "Nígbà náà, ìyá, ẹ̀yin lẹ ṣí i. Adájọ́ máa jókòó láago méjì. Ẹ óò wà níwájú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé ìborùn náà jáde kó tó dìgbà yẹn, bóyá wọ́n á fi oṣù díẹ̀ jìn yín."

Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni Àǹtí mi. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta lọ́jọ́ orí yẹn, pósí ni. Bí wọ́n bá sì jáde láàyè, ibo ni wọ́n fẹ́ padà sí? Mo kọjá láàárín wọn, mo wọ yàrá náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn.

"Ta nìyí?" Mottram bi. "Kí ló ń gbóòórùn bí ajá?"

"Jabez Tansley ni, sà. Ajá sì dáa. Ajá kì í mú ẹni tí kò jalè."

"Jabez!" Àǹtí mi ké. "Ẹ má dá a lóhùn, ẹ̀yin ọ̀gá. Láti kékeré ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo rí i. Pẹpẹ pákó gíga kan tí wọ́n ń to léèsì sí fara ti ògiri ẹ̀yìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, nǹkan kan tó pọ́n yọjú díẹ̀ lára ẹfun funfun tí wọ́n fi kun ògiri.

"Kí nìyẹn?" mo bèèrè.

"Ọ̀rinrin," Mottram sọ.

"Ọ̀rinrin? Ilẹ̀ ni ọ̀rinrin ti ń gùnkè, àbí kó ti òrùlé sọ̀ kalẹ̀. Àárín ilé la wà, àjà kejì. Ọ̀nà ibo ló gbà wọlé, ṣé ó gba àtẹ̀gùn ni? Ẹ tún wò ó dáadáa, sà. Ó ní igun. Níbo lẹ ti rí ọ̀rinrin tó mọ igun mẹ́rin yà?"

Reuben Wragg wà níbẹ̀, alábòójútó ilé, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Annis nítorí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, tó ń dá tọ́. Ọkùnrin gígùn, ó tínrín, ó níwà pẹ̀lẹ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun bíi ti gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan léèsì. Ó gbé ọwọ́ lé ògiri náà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń pa ẹṣin lára.

"Jabez, fi ògiri sílẹ̀," ó ní. "Ilé àtijọ́ ò fẹ́ ká máa tọ́ ọ níka."

"Reuben," Àǹtí mi sọ, "ṣebí ìwọ lo ti pẹpẹ yẹn padà mọ́ ògiri láàárọ̀ yìí? Nígbà tá a ṣílẹ̀kùn, ó yọ síta bí ìbú ọwọ́ kan."

"Kí àwọn ọlọ́pàá má baà kọsẹ̀ ni, Màmá."

Gbogbo wa gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìtumọ̀ ẹ̀. Àní èmi, tí mo lè gbọ́ ìgbà tí eku ń ronú.

Mo fa pẹpẹ náà kúrò. Ọlọ́pàá kan bá mi fà á díẹ̀, ṣùgbọ́n agbára tèmi ló pọ̀ jù. Ògiri ẹ̀yìn ẹ̀ dán bí àwo, àfi ibì kan nísàlẹ̀, tó tó ẹnu ilẹ̀kùn ààrò. Níbẹ̀, ẹrẹ̀ tá a fi ẹfun àti yanrìn pò, èyí tó ń di bíríkì mú, yọ jáde láàárín wọn wàlàwàlà. Mo fi èékánná họ ọ́. Ó rọ̀ bíi wàràkàṣì. Láàárín ibẹ̀ ni bíríkì kan wà, ti òun nìkan, tó ń làágùn tíì.

"Ẹ sún mọ́ mi," mo ní. "Owó ilé-ìwé ò sí. Ògiri ní ojú, ó sì ní ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ tí bíríkìlà bá dúró sí ló máa ń dán, torí ó máa ń fi irin gé èyí tó bá yọ. Ẹ̀gbẹ́ kejì tí ọwọ́ ẹ̀ ò dé, ńṣe ni ẹrẹ̀ máa ń yọ ahọ́n síta. Ẹ wo ahọ́n. Ògiri yìí ti ń yọ ahọ́n sí yín látàárọ̀, Sájẹ́ǹtì."

"Máa sọ ọ́ lọ," Mottram ní, ohùn ẹ̀ ti yí padà díẹ̀.

"Wọ́n ní tí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri yìí lanu. Aláǹgbá wọlé, ó gbé ìborùn, ó gba ibi tó wá padà. Ó wá dúró sọ́hùn-ún, lẹ́yìn ògiri, ó bá ògiri pa ẹnu dé. Bíríkì àtijọ́ náà ló tò padà, ẹfun wọn ṣì wà lójú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀kan máa ń fọ́ ṣáá. Ó wá òmíràn rọ́pò ẹ̀, èyí tó ti ń jẹ èéfín lọ́jọ́ tó ti pẹ́, ó sáré kun ojú ẹ̀ lẹ́fun. Èéfín tó bá ti wọ bíríkì lára, ẹfun ò lè bò ó mọ́lẹ̀. Á làágùn jáde ni."

Gbogbo wọn tẹjú mọ́ mi. Mo fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n gbádùn mi.

"Ihò ooru bàbá mi ló wà lẹ́yìn ibẹ̀," Ọ̀gá Harwick sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Nígbà tí bàbá mi kọ́ ilé yìí, lọ́dún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, wọ́n gbé ààrò ńlá sísàlẹ̀, wọ́n mọ ihò bíríkì kan láti ibẹ̀ dé òkè, kí ooru lè máa gba inú ẹ̀ lọ sí gbogbo àjà, kí ìka àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ léèsì má baà kú nígbà òtútù. Iṣẹ́ ribiribi ni. Bàbá tó bí Reuben yìí gan-an wà lára àwọn tó mọ ọ́n. Láti ọdún méjìlá tá a ti fa páìpù omi gbígbóná sílé, a ò lò ó mọ́."

"Ẹnu ihò náà dà?" Mottram bèèrè.

"Ọ̀kan wà ní àjà òkè pátápátá, níbi tá a ti ń yẹ léèsì wò. Èkejì…" Wọ́n tún wo Àǹtí mi.

"Èkejì wà ní kíṣìnnì mi," Àǹtí mi sọ. "Lẹ́yìn àpò èédú."

Mottram rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín ẹ̀, mi ò sì fẹ́ràn ẹ̀.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gbẹ́ni bíríkìlà. Látàárọ̀, kọ́kọ́rọ́ nìkan ni mo ní. Ẹ ti bá mi wá ọ̀nà tó lọ tààrà sí kíṣìnnì ẹ̀."

"Ẹ gbọ́ ná, sà! Ihò yẹn ò fẹ̀ ju èjìká ọkùnrin tínrín lọ. Ẹ wo Àǹtí mi. Ẹ wò wọ́n dáadáa. Tí wọ́n bá kó síbẹ̀ lónìí, Kérésìmesì la máa tó fà wọ́n jáde."

"Jabez," Àǹtí mi ní, "ṣé mo sanra ni?"

"Àǹtí, ẹ̀mí yín ni mò ń gbà là!"

"Mo bi ẹ́ ní ìbéèrè."

"Ọkùnrin tínrín," Mottram ń tún un sọ lẹ́nu, ó ń wò mí látòkè délẹ̀. "Ọkùnrin tínrín tó mọ iṣẹ́ bíríkì. Tó dàgbà sínú kíṣìnnì yẹn. Tí ẹfun wà lọ́wọ́ ẹ̀ títí dé ìgúnpá. Ó dà bíi pé mo mọ ẹnì kan báyẹn."

Mo wo ọwọ́ mi. Ẹfun wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti fi ẹnu mi gbẹ́ kòtò tó gba èmi àti Àǹtí mi, àyè ṣì kù.

Bí wọ́n ṣe ń mú wa sọ̀ kalẹ̀ ni mo rí Lorimer Pask, ayàwòrán léèsì, tó rọra ń gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń fi òróró sí irun títí irun á fi máa wo gbogbo ayé bíi dígí. Ó tínrín. Ó mọ ibi tí ìborùn wà, òun ló ya àwòrán ẹ̀. Pàtàkì jù lọ, nǹkan funfun wà lọ́rùn kóòtù ẹ̀ àti lápá ẹ̀.

"Ẹfun!" mo kígbe, mo gbá a mú. "Sájẹ́ǹtì, ẹ wo ẹfun!"

"Fi mí sílẹ̀, ìwọ alámọ̀ yìí!"

"Níbo lo wà lánàá?"

"Nílé!"

"Irọ́! Níbo lo wà lánàá, Pask?"

"Mi ò lè sọ."

"Wọ́n á bá ẹ sọ ọ́ ní kóòtù," Mottram ní, ó sún mọ́ ọn. "Sọ̀rọ̀, ọkùnrin."

Pask wo ilẹ̀. "Mo wà lọ́dọ̀ Clementina. Páúdà ojú ẹ̀ nìyí. A rìn lọ sétí odò láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́."

"Clementina wo?"

"Clementina Mottram."

Ẹ̀yin ará, mo ti rí bíríkì tó ń jáde nínú iná. Kò pọ́n tó ojú Sájẹ́ǹtì nígbà tó gbọ́ orúkọ ọmọ ẹ̀. Mo gbé imú sún mọ́ kóòtù Pask. Òdòdó ló ń rùn. Láyé, ẹfun ò rùn bí òdòdó rí. Mo ti mú ẹni tí kì í ṣe olè, mo sì ti mú ọlọ́pàá bínú sí i. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù lẹ́ẹ̀kan, ó ku wákàtí kan kí adájọ́ jókòó.

Wọ́n fi èmi àti Àǹtí mi jókòó sórí àtẹ̀gùn, kí kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó máa gbé wa tó dé. Àǹtí mi ò bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "tí wọ́n bá lé ẹ padà wálé kí n tó dé, bàtà ọkọ mi ọ̀kan wà lókè ààrò. Má jẹ́ kí wọ́n dà á nù. Òun ló ń ṣọ́ kíṣìnnì."

"Ta ló fẹ́ jí ẹyọ bàtà kan, Àǹtí?"

Bí mo ṣe wí bẹ́ẹ̀ tán ni mo dìde dúró. Mo dìde kíá débi pé ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ wa ta sẹ́yìn.

"Sájẹ́ǹtì! Mo mọ ohun tó wà nínú ògiri yẹn!"

"Jókòó."

"Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin bàbá. Ahọ́n ẹrẹ̀ wà nínú yàrá nítorí ọwọ́ ò débẹ̀, ṣùgbọ́n bíríkì tò, kò sí ọ̀kan tó wọ́. Nínú ihò tóóró, pẹ̀lú àbẹ́là kan ṣoṣo! Ìyẹn kì í ṣe olè tó kọ́ bíríkì lánàá. Ẹni tí wọ́n tọ́ síṣẹ́ yìí ni. Ọ̀gá mi Ezra, kó tó kú, ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ mi nìyí: ilé tó o bá dá ihò sí lára, o ò gbọ́dọ̀ pa á dé lásán. Fún un ní bàtà. Ẹyọ kan, kì í ṣe méjì. Èyí tí ẹsẹ̀ ti wọ̀ gbó, tó sì ti inú ilé tìẹ jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun burúkú á gba ojú ihò yẹn tọ àwọn èèyàn ẹ wá. Kò sí bíríkìlà gidi nílẹ̀ yìí tó máa dán an wò. Èmi tí mi ò bẹ̀rù ohunkóhun, tí mo bá dí ihò eku, mo máa ń wẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí n ṣí i. Tí bàtà mi bá wà níbẹ̀, ẹ so mí kọ́."

Mottram fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Harwick ti ń gun àtẹ̀gùn padà. "Ògiri mi ni," wọ́n ní. "Ṣí i."

Wọ́n fún mi ní hámà àti irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ. Gbogbo wọn dúró yí mi ká, Bàbá Annis lẹ́nu ọ̀nà. Mo yọ bíríkì tó ń làágùn. Mo yọ ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn ìkẹta, àyè kan wà tí ẹni yẹn mọ̀ọ́mọ̀ fi ìdajì bíríkì sílẹ̀. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ mi kan awọ.

"Bàtà!" Mo gbé e sókè láìwò ó. "Kí ni mo wí? Kí ni Jabez Tansley wí?"

"Bàtà ọmọdé," Mottram sọ. "Ti àwọn tó kọ́ ilé nìyẹn, láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ooru? Awọ tó bá wà níbẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á fọ́ bíi bisikíìtì. Ẹ wò ó." Mo tẹ bàtà náà. Ó rọ̀. Ó tẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ìgbà yẹn ni mo tó wò ó.

Bàtà ẹsẹ̀ òsì ni, kékeré. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ nípọn tó ìka mẹ́ta. Igi tó fúyẹ́ ni wọ́n gé tí wọ́n kàn mọ́ ọn, kí ẹsẹ̀ tó kúrú lè bá èyí tó gùn dọ́gba. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń wọ irú bàtà yẹn ládùúgbò wa. Mo ti so okùn ẹ̀ rí, lọ́jà ọdún tó kọjá, nígbà tí mo gbé ẹni tó ni ín sí èjìká kó lè rí béárì tó ń jó.

"Ó dáa," Mottram ní. "Bàtà ta ni?"

Látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò wá ọ̀rọ̀ tì rí. Lọ́jọ́ yẹn mo la ẹnu, kò sí nǹkan níbẹ̀.

"Ti ọmọ mi ni," Bàbá Annis sọ láti ẹnu ọ̀nà.

Kò sá. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ funfun ẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó ká wọn, ó fi wọ́n sórí pẹpẹ. Orí ìka ẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti bó, wọ́n ti là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹfun tútù máa ń jẹ ọwọ́ tó bá ti pẹ́ tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

"Ìborùn náà dà?" Mottram bi.

"Kò jáde nílé. Ó wà lórí ìkọ́ kan nínú ihò yẹn, mo fi aṣọ òróró wé e. Ẹnu ihò ti àjà òkè ni mo gbà wọlé lánàá, nígbà tí gbogbo ayé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka nǹkan tó wà nínú yàrá. "Àwọn oníléèsì kan ní òdìkejì títì ló ní tí kò bá ti dé Lọ́ńdọ̀nù, èmi ni wọ́n á fi ṣe máníjà. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ṣe alábòójútó níbí."

"Reuben." Àǹtí mi rọra dìde. "Èmi ni mo gbẹ̀bí ọmọ yẹn. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbà á. O sì fẹ́ kí n lọ kú sẹ́wọ̀n fún ẹ?"

"Mo rò pé wọ́n á kàn lé yín ni, Màmá."

"Lé mi lọ síbo?"



Mottram ń yí bàtà náà wò. "Ohun kan ò yé mi. Ká ní o ò fi èyí síbẹ̀, àwọn méjì yìí ni ǹ bá gbé lọ. Orí ẹ pé. Kí ló dé?"

"Bàbá mi ló mọ ògiri yẹn, Sájẹ́ǹtì. Mo mú hámà, mo lù ú. Ọmọ mi sì ń sùn ní òdìkejì àgbàlá." Ó gbójú sókè, ó wò mí, kì í ṣe ọlọ́pàá. "Ìwọ náà, Jabez, ṣé wà á pa á dé lásán?"

Mo mi orí pé rárá.

Nígbà tí wọ́n dè é lọ́wọ́, ó bèèrè ohun kan ṣoṣo: "Ta ló máa sọ fún Annis?"

Ẹni tó dáhùn ni ẹni tó yẹ kó tutọ́ sí i lójú.

"Èmi," Àǹtí mi ní. "Ọ̀dọ̀ mi ló máa gbé. Máa lọ."

Ọ̀gá Harwick ní kí n dí ògiri kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo dí i. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ò lè rí ojú ibẹ̀ láyé, ẹni tó mọ̀ ọ́n gan-an á ní láti bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n bàtà kékeré yẹn ti bá Sájẹ́ǹtì lọ sí kóòtù, àyè ìdajì bíríkì sì wà níbẹ̀, ó ń wò mí. Mo yí ojú sọ́tùn-ún, mo yí ojú sósì. Kò sẹ́nì kankan. Mo bọ́ bàtà òsì mi.

Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí mo kọjá àgbàlá lọ pe Annis. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọn, bàtà tuntun ẹ̀ lẹ́sẹ̀, ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú.

"Bọ̀ọ̀dá Jabez, bàtà yín kan dà?"

"Ilé Harwick ló bẹ̀ mí. Ó kúnlẹ̀. Ó ní nínú gbogbo bíríkìlà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàtà tèmi nìkan lòun fẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀yìn mi. "Bàbá mi ńkọ́?"

Mo tún wá ọ̀rọ̀ tì, ẹ̀ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan. "Àǹtí Keziah ló ń pè ẹ́," mo ní. "Wọ́n ti gbé tíì kaná."

Ó fún mi lọ́wọ́ ẹ̀. À ń kọjá àgbàlá nínú òjò, orí òkúta tútù, òun ń tiro, èmi náà ń tiro. Nígbà tá a dé àárín, ó dúró, ó wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni ń wo iṣẹ́ tí kò dáa.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n tiro," ó ní. "Ẹsẹ̀ tó kúrú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé. Ẹ wò mí."

Mo wò ó. Mo gbé e bó ṣe ní kí n gbé e. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí ẹnì kan kọ́ mi ní nǹkan tí mi ò jiyàn.